Ohun Tó Ń Kùn Nínú Kọ́bọ́ọ̀dù

Yúníìtì iná tán láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ìjà sì ti bẹ̀rẹ̀ kí ògì tó wà lórí iná tó hó.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀!" Ohùn Bùsàrí ló kọ́kọ́ gba páàséèjì kan. "Mo sọ pé kò ní pé ọ̀sẹ̀! Kí ni mò ń lò? Gílóòbù kan, fáànù kan. Fáànù ọ̀hún gan-an, ó ń yí bí ẹni tí ò tíì jẹun. Ta ló ń jẹ iná nínú ilé yìí?"

Òṣìṣẹ́ káńsù ni Bùsàrí, ọmọ onílẹ̀ ní Amúwo tí ẹbí rẹ̀ ti ta ilẹ̀ tán kí òun tó gbọ́njú. Òun ló háyà yàrá apá ọ̀tún nínú fúláàtì Bàbá Akínfẹ́nwá ní Fẹ́sítákì. Lilian, tó ń ta sóbò ní Mazamaza, ló wà ní yàrá apá òsì. Pálọ̀ àti yàrá àárín ló kù fún Bàbá àti ìyàwó rẹ̀. Mítà kan ṣoṣo ló ń fún gbogbo wọn ní iná, ọgbọọgba ni wọ́n sì ń dá owó rẹ̀.

Lilian yọjú pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. "Ẹ̀gbọ́n Bùsàrí, ẹ káàárọ̀ ná. Ṣé èmi lẹ ń bá wí?"

"Mi ò dárúkọ ẹnì kankan. Ẹni tó jẹ gbì ló máa kú gbì. Ṣùgbọ́n sóbò tí ò ń tà yẹn, báwo ló ṣe ń tutù?"

"Yìnyín ni mo ń rà! Lọ́wọ́ ìyá oníyìnyín ní Àgbójú. Àbí kí n máa pè yín kẹ́ ẹ wá bá mi rù ú?"

"Yìnyín tí wọ́n gbé láti Àgbójú tí kò yọ́! Yìnyín ìyanu!"

"Ẹ má fi ẹnu ba ọjà mi jẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Àbẹ́g. Ẹni tí ò láya kò mọ̀ pé ẹnu obìnrin ń dunni."

"Ó ti tó."

Bàbá Akínfẹ́nwá ti jáde. Síńgíléètì funfun ló wọ̀, ó ró ìró mọ́dìí, ṣùgbọ́n bó ṣe dúró, èèyàn á rò pé táì wà lọ́rùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń dúró níwájú àwọn akọ̀wé kéékèèké ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kó tó fẹ̀yìn tì.

"Òfin ilé yìí kò yí padà," ó ní. "Kò sí fíríìjì, kò sí sítóòfù oníná. Gbogbo wa la jọ fọwọ́ sí i. Ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀, á kẹ́rù ẹ̀ jáde."

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ni Bùsàrí wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Ẹ̀yin nìkan la ń wò lójú nínú ilé yìí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé mi ò bá yín jà."

"Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ra iná. N óò dá tèmi kí ọ̀sán tó pọ́n."

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fi ẹ̀yìn tì í fún ìgbà díẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀, Ọlábùnmí, jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ife omi lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́ ló ti ń mu omi, òùngbẹ kò sì lọ. Ètè rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ẹ̀wà tí Bàbá bù fún un wà lórí ilẹ̀ níbi tó gbé e sí, eṣinṣin kan ń rìn létí àwo.

"Wọ́n tún ń jà?" ó béèrè.

"Yúníìtì ló tán."

"Àwa la jẹ ẹ́ tán, Bàbá Dammy."

Bàbá gbé ìka lé ẹnu.

"Sọ fún wọn," ni Màmá wí. "Bùsàrí kì í ṣe èèyàn burúkú. Sọ fún un pé ara mi ò yá, pé oògùn ló wà níbẹ̀. Ta ni yóò sọ pé kí n má fi oògùn mi síbi tó tutù?"

"Kí n sọ ọ́ kó di ọ̀rọ̀ gbogbo àdúgbò ní kílóòsì yìí? Kí wọ́n gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì pé ìyàwó Akínfẹ́nwá ń gún abẹ́rẹ́ ṣúgà? Kí èmi tí mo ṣòfin wá dúró níwájú ọmọ káńsù, kí n máa ká òfin mi bí ẹni ká ẹní? Ikú yá ju ẹ̀sín lọ."

Màmá gbé ife kúrò lẹ́nu. "Ikú ta ni?" ó bi í.

Ògì ti hó dànù ní kíṣìnì, Bàbá sì sáré lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Nígbà tó padà, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Ooru tí kò tíì tán nínú rẹ̀ láti òru fẹ́ sí i lójú bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìkòkò ẹ̀bẹ. Òórùn rọ́bà tó jóná bá a jáde. Ó ti agbádá rẹ̀ sápá kan, ó ti àwọn léèsì ìyàwó rẹ̀ sápá kejì, fíríìjì kékeré náà sì wà níbẹ̀, lẹ́yìn wọn, ó há mọ́ igi kọ́bọ́ọ̀dù lọ́tùn-ún lósì.

Kí ó má baà máa kùn tí Bùsàrí á fi gbọ́ ọ láti ara ògiri, Bàbá ti ki ìrọ̀rí méjì àti aṣọ akọrin àtijọ́ kan bọ ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tó bá sì kùn ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n á gbé orin ìyìn. Bàbá á mú ohùn ìsàlẹ̀, Màmá á mú tòkè, wọ́n á máa kọ ọ́ títí tí fíríìjì náà á fi dákẹ́. Gbogbo ilé gbà pé kò sí ìdílé tó ń gbàdúrà tó tiwọn.

Ọmọkùnrin tó tà á fún un ní Apple Junction ti kìlọ̀ fún un. "Bàbá, ẹ̀yìn ẹ̀ ló fi ń mí o. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín òun àti ògiri. Tó bá ń rí atẹ́gùn, á bá yín dọjọ́ alẹ́. Tẹ́ ẹ bá há a mọ́ kọ̀rọ̀, ẹ ò ní gbádùn ẹ̀ dé ọdún kan." Bàbá gbọ́. Ó tún ka ìwé pélébé tó wà nínú páálí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé kò sí ohun tí wọ́n kọ lẹ́tà sí tí kì í kà. Ó mọ̀. Mímọ̀ kọ́ ló ṣòro.

Ó na ọwọ́ mú ìgò oògùn. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹyin tí adìyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé.

Ọjọ́ ti lọ díẹ̀ tí inú fíríìjì náà ti ṣíwọ́ títutù. Wọ́n rò pé iná ni. Bí yúníìtì bá wà, wọn kì í mú iná wá. Bí wọ́n bá mú iná wá, yúníìtì á ti tán. Ní ilẹ̀ tí iná ti ń wá bí àlejò, tó ń lọ bí olè, ta ló ń ki ọwọ́ bọ fíríìjì kó máa retí òtútù? Wọ́n kàn ń gbé oògùn síbẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n máa gbé e sí.

Bàbá yí ìgò náà láàárín àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Tẹ́lẹ̀, bí omi ìrẹsì ló máa ń rí. Lónìí, ó dì ní kékeré-kékeré, ó sì lẹ̀ mọ́ ara ìgò bí èérún wàrà tó ti bàjẹ́. Ó gbé e sókè sí ojú fèrèsé, ó wò ó. Bébà tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà wò ti tán, owó ìfẹ̀yìntì kò sì tíì wọlé. Oògùn tí wọ́n ní kò ju èyí lọ.

Ó fa abẹ́rẹ́, ó sì gún Màmá níkùn.

"Ẹ ṣeun, dókítà mi," ni Màmá wí, bó ṣe máa ń wí láràárọ̀.

Dammy, ọmọ wọn obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹ́sítéètì Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, dé pẹ̀lú ẹ̀lùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú ọ̀rá. Ó bá Lilian tó ń ṣan ìgò lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó sì bá Bùsàrí tó jókòó sórí àpótí ìjókòó, tó ń tan tọ́ọ̀ṣì ara ẹ̀wọ̀n kọ́kọ́rọ́ sí ojú mítà bí ẹni tó ń fẹ́ kó jẹ́wọ́.

"Ẹ kú ilé o. Ìjà ti parí?"

"Ó ń sinmi ni," ni Lilian dáhùn. "Mọ́mì ò tíì jáde lónìí o, àǹtí. Mo ń fetí sí orin wọn, mi ò gbọ́."

Nígbà tí Dammy wọ yàrá, ìyá rẹ̀ ń bì sínú báàfù. Bàbá di èjìká rẹ̀ mú. Dammy kúnlẹ̀ láti kí wọn, kò sì tíì dìde tó fi gbóòórùn èémí ìyá rẹ̀. Ó dà bí òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n rà.

"Mọ́mì, láti ìgbà wo?"

"Àárẹ̀ ni," ni Bàbá sọ. "Mo ti gún un lábẹ́rẹ́. Ó máa rọlẹ̀."

"Ẹ fún mi ní oògùn yẹn kí n rí i."

"Mo ní ó máa rọlẹ̀, Dammy."

Dammy kò tún béèrè. Ó lọ sí ìdí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ṣí i, ó sì fà sẹ́yìn.

"Yéè! Dádì! Ó gbóná!"

"Rọra sọ̀rọ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa aṣọ jáde: agbádá, léèsì, ìró. Ó ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn fíríìjì, ó sì fa ìrọ̀rí kan yọ. Apá kan rẹ̀ ti dúdú, ó ti rí bí búrẹ́dì tó jóná.

"Ìrọ̀rí? Ẹ fi ìrọ̀rí dí imú fíríìjì?"

"Wọ́n ń gbọ́ wa, Dammy. Mo bẹ̀ ọ́."

"Kí wọ́n gbọ́! Mọ́mì ń lọ lójú yín, ẹ̀ ń sọ pé wọ́n ń gbọ́!"

Wọ́n ti gbọ́. Bùsàrí ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, Lilian ń yọjú léjìká rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń hó fún ọṣẹ. Gbogbo wọn wo fíríìjì náà. Ó jókòó sáàárín aṣọ tó túká bí olè tí ilẹ̀ mọ́ bá.

Bùsàrí kò pariwo. "Bàbá," ó ní, "ẹ̀yin náà?"

Bàbá ń wo ilẹ̀.

"Èmi tí mo ń pa fáànù kí n tó sùn, kí yúníìtì lè tó wa lò. Tí ẹ̀fọn ń jẹ mí. Tí mo ń bú ọmọ ọlọ́mọ láràárọ̀."

"Orin tí ẹ máa ń kọ yẹn," ni Lilian sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mo rò pé ẹ fẹ́ràn Ọlọ́run ni."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Màmá gbé orí sókè lórí ìrọ̀rí.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọmọ mi," ó ní. "Èmi ni. Ojú ló ń tì mí. Èmi ni mo ní kí ó gbé e pa mọ́ síbẹ̀."

Bàbá la ẹnu. Gbogbo yàrá dúró dè é. Ó tún pa á dé.

Bùsàrí wo ojú Màmá, ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ nu ojú ara rẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n. "Mọ́mì, ẹ má sọ̀rọ̀ mọ́," ó ní. "Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi dà? Lilian, wá bá mi di wọ́n mú."

Ṣùgbọ́n Lilian ti sáré lọ sí yàrá rẹ̀. Wọ́n gbọ́ tó ń wọ́ àpótí nílẹ̀. Nígbà tó jáde, fúláàsì ńlá kan wà lápá rẹ̀ tó kún fún yìnyín, ó sì di ìgò omi mú lọ́wọ́ kejì, ìgò náà tutù tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń làágùn. Bùsàrí dúró sójú kan. Iná ti lọ láti àárọ̀.

"Yìnyín Àgbójú," ó ní.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́." Omijé ti wà lójú Lilian. "Abẹ́ tábìlì ni fíríìjì tèmi wà. Mo da aṣọ bò ó níwájú nìkan. Ẹ jẹ́ ká gbé Mọ́mì ná, ẹ ó bú mi tó bá yá."

Bùsàrí rẹ́rìn-ín ẹni tí ọ̀rọ̀ ti sú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé Màmá bí ẹni gbé ọmọ. Bí Bàbá ṣe ń tẹ̀ lé wọn, bàtà ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọsẹ̀ lára agbádá tó wà nílẹ̀, kò sì gbé e.

Ọ̀nà tó jáde ní kílóòsì wọn kò dára, Bùsàrí sì ń yọ kòtò kan bọ́ sí òmíràn. Màmá gbé orí lé itan ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn mọ́tò. Lilian jókòó ti ilẹ̀kùn, ó gbé ẹsẹ̀ Màmá lé orí tirẹ̀. Níwájú, Dammy ń fi fóònù pe ẹni tó bá lè mọ ilé ìwòsàn tí bẹ́ẹ̀dì á ti wà.

"Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ ọ́ fún wa ní ìpàdé ilé, Bàbá," ni Bùsàrí sọ láìwẹ̀yìn. "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀," ni Bàbá dáhùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbádùn," ni Lilian wí.

"Mi ò bú wọn. Ṣé ẹ gbọ́ tí mo bú wọn? Tí wọ́n bá kàn kan ilẹ̀kùn mi pé, Bùsàrí, báyìí ló rí! Ìyá mi náà ní ìtọ̀ ṣúgà kó tó kú. Èmi ni mo máa ń gún un lábẹ́rẹ́."

Màmá ń mí kíkankíkan, bí ẹni tó sáré gun òkè. Lẹ́ẹ̀kan, ó la ojú.

"Bàbá Dammy."

"Mo wà níbí."

"Kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Ṣé o tì í?"

"A sáré jáde ni. Ó wà ní ṣíṣí."

"Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀," ni Màmá sọ. "Ooru rẹ̀ ti pọ̀ jù."

Ní ilé ìwòsàn, orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sí. Nọ́ọ̀sì kan gún un níka, ó fi ẹ̀jẹ̀ sí ojú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà kò sọ iye kankan. Ṣúgà náà ti ga ju ohun tó lè kà lọ. Wọ́n wá bẹ́ẹ̀dì fún un, wọ́n fa omi sí i lápá. Dókítà tó dé jẹ́ obìnrin tí kò dàgbà ju Dammy lọ, ojú rẹ̀ pọ́n fún àìsùn.

"Ta ló ń fún wọn ní abẹ́rẹ́?"

"Èmi ni," ni Bàbá dáhùn.

"Níbo lẹ ń tọ́jú oògùn sí?"

Àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ń wò ó. Kò mọ ọ̀kankan nínú wọn, síbẹ̀ ó gbé àyà sókè. "Nínú fíríìjì," ó ní.

"Fíríìjì tó ń ṣiṣẹ́?"

Dammy ló sọ ọ́. Ó sọ ti kọ́bọ́ọ̀dù, ó sọ ti ìrọ̀rí. Ohùn rẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, gbọ́ ọ.

Dókítà kò bá ẹnikẹ́ni wí. "Àṣé omi lásán lẹ ti ń gún fún wọn láti ọjọ́ yìí," ó ní, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ínsúlìn ti tán lọ́wọ́ wa. Ẹ sáré lọ rà á wá níta. Èyí tó tutù o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yára."

Ilé ìwòsàn tí kò ní oògùn rán àwọn èèyàn aláìsàn tí kò ní ẹ̀mí púpọ̀ lọ sọ́jà. Dammy kò bínú. Kò sí àyè fún un. Òun àti Lilian bá Bùsàrí sáré lọ sí Apple Junction.

Ní ilé oògùn àkọ́kọ́, ọkùnrin tó wà níbẹ̀ mi orí. "Mo ní in, ṣùgbọ́n mi ò lè tà á fún yín. A ò ríná láti ìjẹta, jẹnẹrétọ̀ wa sì ti bàjẹ́. Mi ò fẹ́ dẹ́ṣẹ̀."

"Ọlọ́run á bù kún yín," ni Lilian sọ, wọ́n sì ti jáde.

Ní ìkejì, obìnrin tó ń tajà fẹ́ fún wọn lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n Lilian ní kí ó dúró ná. Ó yí lọ sẹ́yìn káńtà, ó fọwọ́ kan inú fíríìjì, ó tún fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Ó tutù," ó wí fún Dammy. "Ẹ gbà á." Wọ́n ri ìgò náà sáàárín yìnyín nínú fúláàsì, Dammy sì gbé e mọ́ra títí tí àyà aṣọ rẹ̀ fi tutù.

Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ti yọ abẹ́rẹ́ omi kúrò lápá Màmá. Bàbá jókòó sí ìdí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti fi áńkáṣíìfù rẹ̀ nu ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀, ó sì ń wọ bàtà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń rọra fa okùn rẹ̀ sórí gìgísẹ̀.

"Dádì," ni Dammy pè é. "A ti rà á. Ó tutù dáadáa."

"Ẹ ṣeun," ni Bàbá wí. "Ẹ gbé e kalẹ̀ síbẹ̀ yẹn."

Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti kún pálọ̀. Àwọn obìnrin gba kíṣìnì, wọ́n fi ẹ̀lùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí Dammy gbé wá ro ọkà tí ẹnikẹ́ni kò jẹ. Ẹnì kan ti dá owó yúníìtì, iná sì wá bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Lilian jókòó sílẹ̀ nítòsí ilẹ̀kùn. Bùsàrí dúró ní páàséèjì pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́.

Nínú àwọn tó wá ni Màmá Ẹ̀rínọlá, opó kan tó ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ ẹ́sítéètì, tí òun àti olóògbé jọ máa ń kọ ohùn òkè. Kò sunkún púpọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé mínírà wá, ó ní omi ló wu òun. Fúláàsì Lilian, tí ìgò oògùn náà ṣì wà nínú rẹ̀, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dammy lórí àga, ojú Màmá Ẹ̀rínọlá sì ń lọ síbẹ̀ léraléra, nítorí pé lábẹ́ ìró rẹ̀, nítòsí ìdodo, ojú abẹ́rẹ́ àárọ̀ ọjọ́ náà ṣì ń dun òun náà. Kò sẹ́ni tó mọ̀, títí kan Ẹ̀rínọlá ọmọ rẹ̀.

Alàgbà ìjọ gbàdúrà. Lẹ́yìn àdúrà, ó yíjú sí Bàbá. "Kí ló ṣe Màmá gan-an, Bàbá wa? Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la jọ jọ́sìn."

Màmá Ẹ̀rínọlá tẹ̀ síwájú díẹ̀ lórí àga rẹ̀. Dammy wo bàbá rẹ̀. Bùsàrí wo bàtà ara rẹ̀. Ní yàrá, lára ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rántí yọ kúrò lára iná, nǹkan kan ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, ó sì dákẹ́.

"Àìsàn ránpẹ́ ni," ni Bàbá Akínfẹ́nwá wí.

"Ọlọ́run ló ni wá," ni alàgbà dáhùn. "Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́."

"Àmín," ni wọ́n wí. Bùsàrí náà wí i, ó dé fìlà rẹ̀, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ. Lilian kò ṣe àmín.

Nígbà tí àwọn èèyàn ń túká, Dammy sin Màmá Ẹ̀rínọlá dé géètì. Obìnrin náà kò tètè lọ. Ó ń tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó ń tú u, ó tún ń wé e.

"Dammy, ọmọ mi," ó ní nígbà tó yá. "Má bínú sí ohun tí mo fẹ́ bi ọ́. Ṣé àìsàn ránpẹ́ náà ni lóòótọ́?"

Dammy bojú wẹ̀yìn. Bàbá rẹ̀ ti jáde sí bàlùkóònì, ó di irin mú, ó ń wò wọ́n. Láàárín ọjọ́ kan, ó ti di arúgbó.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni Dammy dáhùn.

"Ó dáa." Màmá Ẹ̀rínọlá fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn. "Ó dáa, ọmọ mi. Ọlọ́run á tù yín nínú."

Ó gba ojú ọ̀nà lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń lọ sí yàrá rẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí, níbi tí ìgò oògùn tirẹ̀ wà nísàlẹ̀ àpò ìrẹsì, nínú ooru, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò lè tó o.